Nǹkan oṣù tí kò dé lásìkò: kí ni PCOS, kí sì ni ìṣègùn òde òní ti rí sí i?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní abala ìlera lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni láàrin àwọn obìnrin wa. Bí Àsàlátù bá ti túká, ìgbà yẹn ni ìyá kan máa ń fa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ sẹ́yìn ilé kéwú pé ọmọbìnrin òun tó ti lé lọ́dún méjìdínlógún kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọkùnrin. Ìyàwó ilé kan á ní irun ń hù lágbọ̀n òun bíi ti ọkùnrin, ìjábù lòun fi ń bò ó. Ẹlòmíràn ti lo ọdún márùn-ún nílé ọkọ láìrí oyún, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ń wá ìyàwó kejì fún ọmọ rẹ̀. Lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣòro ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá dé ọsibítù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ kan náà ni dókítà yóò kọ sínú fáìlì wọn: polycystic ovary syndrome, èyí tí gbogbo ènìyàn gé kúrú sí PCOS.

Àìsàn yìí wọ́pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 10 sí 13 ló ní in. Nínú àwọn tó ní in náà, ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò mọ̀. Ẹ fi ṣírò Àsàlátù tiwa wò. Bí àádọ́ta obìnrin tí wọ́n ṣì lè bímọ bá jókòó sórí ẹní, ó lè tó márùn-ún sí mẹ́fà nínú wọn. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn dókítà kan ní Enugu gbé ìròyìn jáde ní ọdún 2013 nípa obìnrin 342 tí wọ́n wá ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn. Méjìlélọ́gọ́ta (62) nínú wọn ló ní PCOS. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe obìnrin tí ayé ń ṣe. Ara wọn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan tí ìmọ̀ ìṣègùn ti mọ̀, tó sì ní ìtọ́jú.

Ilé ẹyin méjì ni Ọlọ́hun fi sí ara obìnrin, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Lóṣooṣù, ẹyin bíi mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò omi tirẹ̀ tó kéré gan-an. Ọ̀kan á ṣáájú àwọn yòókù, á gbó, á sì jáde lọ pàdé omi ọkùnrin. Bí oyún kò bá dúró, nǹkan oṣù á dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Lára ẹni tó ní PCOS, àwọn ẹyin náà á bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á dúró sójú kan, àpò omi wọn á tò yí ilé ẹyin ká. Bí ẹyin kò bá jáde, nǹkan oṣù náà kò ní mọ ìgbà tí yóò dé.

Ọ̀rọ̀ "cyst" tó wà nínú orúkọ àìsàn yìí ti kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Obìnrin á ṣe scan, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpò omi pọ̀ nínú ilé ẹyin rẹ̀, ó di igbe, wọ́n ní ìju ti wọ̀ ọ́, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Kì í ṣe ìju. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹyin tí kò gbó ni, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gé kúrò níbẹ̀.

Kí ló dá ẹyin dúró? Nǹkan méjì ló máa ń so mọ́ra. Gbogbo obìnrin ló ní hòmóònù ọkùnrin díẹ̀ lára, bí Ọlọ́hun ti dá wọn nìyẹn. Lára ẹni tó ní PCOS, ó sábà máa ń pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òun ló ń fa irun àgbọ̀n, irun àyà, irorẹ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, àti irun orí tó ń já láàrin. Èkejì ni insulin, hòmóònù tó ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹran ara máa ń di etí sí insulin, bí ọmọ tí à ń pè tí kò fẹ́ dáhùn. Ara á wá máa pèsè sí i, kí ó lè gbọ́. Insulin tó pọ̀ yìí á sì tún ti ilé ẹyin láti máa ṣe hòmóònù ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn nìyẹn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé pẹ̀lú: bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ní in, ó yẹ kí a kíyè sí àbúrò.

Nítorí pé abala ìmọ́tótó náà ni èyí, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Àmì kan wà tí insulin tó pọ̀ yìí máa ń fi hàn: ẹ̀yìn ọrùn, abẹ́ apá àti ìpàkọ́ itan á dúdú, á sì nípọn díẹ̀. Àwọn ìyá wa á ní ọmọ náà kò mọ ara rẹ̀ wẹ̀, wọ́n á fi kànìnkànìn bó o ní ọrùn títí á fi máa ta á. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ èyí kúrò. Ìpara ìbóra náà kò ràn án. Bí ẹ bá rí i lọ́rùn ọmọ yín, àyẹ̀wò ṣúgà ló ń fẹ́.

Ọdún 1935 ni dókítà méjì ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje tí nǹkan oṣù wọn kò dé déédéé, tí ilé ẹyin wọn sì tóbi. Wọ́n gé díẹ̀ nínú ilé ẹyin wọn, nǹkan oṣù sì padà dé. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀bẹ ni ìtọ́jú. Ọjọ́ ti lọ lórí ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa kò tíì gbọ́ ni pé ìtọ́jú ti yí padà pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fi jẹ́ oògùn onítábúlẹ́ẹ̀tì àti àyípadà nínú oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni ìtìjú ti ń dá àwọn obìnrin wa dúró. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí Yunifásítì Monash ní Australia ṣáájú wọn, ṣe ìlànà kan jáde ní 2018, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Òun ni àwọn dókítà káàkiri ayé ń tẹ̀ lé báyìí. Ìlànà náà sọ pé nǹkan mẹ́ta ni kí wọ́n wò: nǹkan oṣù tí kò dé déédéé; àmì tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé hòmóònù ọkùnrin pọ̀; àti àpò ẹyin tó pọ̀ nínú scan. Bí méjì nínú mẹ́ta bá pé lára àgbàlagbà, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tó fà á, PCOS ni. Àìsàn mìíràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ti gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun, àti hòmóònù tó ń mú omi ọyàn wá, nítorí àwọn náà lè dá nǹkan oṣù dúró. Oyún náà ń kọ́, fún ẹni tó wà nílé ọkọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé déédéé, tó sì ní irun lágbọ̀n, méjì ti pé lára rẹ̀. Kò nílò scan rárá kí wọ́n tó mọ̀ pé PCOS ni. Èyí tó tún jẹ́ tuntun nínú ìlànà 2023 ni pé wọ́n lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AMH dípò scan fún àgbàlagbà. Scan tí wọ́n ń gba ojú ara ṣe ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń sá fún, àwọn tí kò tíì wọlé ọkọ kò sì gbọdọ̀ gbà á. Fún wọn, orí ikùn ni wọ́n ti ń wò ó, bí ó bá di dandan. Fún àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ìlànà náà sọ pé scan àti AMH kò wúlò fún ìdámọ̀ PCOS, nítorí àpò ẹyin tó pọ̀ kì í ṣe àrùn ní ọjọ́ orí yẹn. Obìnrin náà sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè dókítà obìnrin, tàbí kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì í.

Ìgbà wo ló yẹ kí òbí kọminú? Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ rí nǹkan oṣù, ó lè máa yí gbiri, ẹ fi sílẹ̀. Láti ọdún kejì títí dé ìkẹta, bí ó bá ń kọjá ọjọ́ 45 kí òmíràn tó dé, tàbí tí kò ń pé ọjọ́ 21, ẹ mú un lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 35 ni òṣùwọ̀n, tàbí kó má tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún. Ọmọ tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rárá, kí ó dé ọsibítù. Láti Ọ̀tùn títí dé Ìdó-Èkìtì, níbi tí ọsibítù ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, kò jìnnà tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta káàkiri ilé aláàgbo. Àwọn ará wa tó wà lápá Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ lè kọ́kọ́ yà sí ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí wọn, kí wọ́n gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn obìnrin.

Ẹ̀sìn wa náà mú ká máa ka ọjọ́ nǹkan oṣù, nítorí ìrun, ààwẹ̀ àti ìddà. PCOS lè da ìṣírò yìí rú. Ẹlòmíràn kò ní rí i fún oṣù mẹ́ta, nígbà tó bá sì dé, á dà fún ogúnjọ́, bẹ́ẹ̀ ni Rámàdánì ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nípa Fatimah ọmọ Abu Hubaysh, tó bi Ànábì (SAW) léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kì í dá, bóyá kí òun pa ìrun tì. Ànábì jẹ́ kó mọ̀ pé inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń wá, kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Iye ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ nìkan ni kí ó fi ìrun sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó sì máa kírun. Ní ojú ìwòye Imam Malik tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kọjá ọjọ́ 15 kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dá dúró láìmọ ìdí, ìdájọ́ Sayyidina Umar lórí rẹ̀ ni oṣù mẹ́sàn-án, kí ó tó tún ka mẹ́ta. Ẹ bi àáfà yín fún àlàyé tó bá ti yín mu. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ bi àáfà, kí ẹ sì bi dókítà. Àáfà á sọ ohun tí ẹ ó ṣe sí ìrun. Kò lè sọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà.

Ti irun àgbọ̀n náà ńkọ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀ṣẹ̀ ni yíyọ ọ́, nítorí hadith tó wà lórí irun ojú. Imam Nawawi, onímọ̀ ńlá ìgbà àtijọ́, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí irùngbọ̀n bá hù fún obìnrin, kò sí èèwọ̀ nínú kí ó mú un kúrò, ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀. Oògùn náà lè dín in kù, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́fà kó tó hàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ nù lóṣù kejì pé kò ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, ìtọ́jú. Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé ni ti ọmọ tí kò tíì so yìgì. Dókítà á kọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún un, bàbá á sì gbaná jẹ: "Ọmọ mi tí kò mọ ọkùnrin?" Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Lóṣooṣù ni inú ilé ọmọ máa ń tẹ́ ibùsùn tó nípọn sílẹ̀ de oyún, nǹkan oṣù ló sì máa ń gbá a jáde. Bí nǹkan oṣù kò bá dé fún ìgbà pípẹ́, ibùsùn náà á máa nípọn sí i, ó sì lè di jẹjẹrẹ ilé ọmọ nígbà tí ọjọ́ bá lọ. Oògùn yẹn, hòmóònù ló wà nínú rẹ̀. Ó ń bá ara gbá ibùsùn náà jáde lásìkò, ó sì ń dín hòmóònù ọkùnrin kù. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkàn òbí kò bá balẹ̀ sí i síbẹ̀, tàbí tí ọmọ náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí orí tó ń fọ́ ọ burúkú, oríṣi tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn wà tí wọ́n lè fún un fún ọjọ́ díẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí ilé ọmọ lè gbá ara rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a fi máa fi ilé ọmọ ọmọ wa wewu nítorí orúkọ tó wà lára páálí oògùn.

Ẹ tún rántí metformin. Oògùn àwọn onítọ̀ṣúgà ni, ó wà ní gbogbo ìlú, kò sì wọ́n bí ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn. Láti nǹkan bí 1994, nígbà tí àwọn dókítà kan ní Venezuela gbé àbájáde tiwọn jáde, ni wọ́n ti ń lò ó fún PCOS, nítorí ó ń la etí ara sí insulin. Ó máa ń da inú rú níbẹ̀rẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru, èébì. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ní Rámàdánì, ọ̀pọ̀ dókítà á pín in sí ìṣínu àti sààrì, òun nìkan kì í sì sábà já ṣúgà ẹni wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi dókítà yín kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ má fúnra yín pín in.

Fún ìyàwó ilé tó ń wá ọmọ, ìròyìn tó dára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti oògùn kan tó ń jẹ́ letrozole. Tẹ́lẹ̀, Clomid ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Dókítà Richard Legro ṣáájú wọn, gbé àbájáde ìwádìí lórí obìnrin 750 tó ní PCOS jáde. Wọ́n fún apá kan ní Clomid, wọ́n fún apá kejì ní letrozole. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo Clomid, 19 ló bí ọmọ. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lo letrozole, ó lé ní 27. Láti ìgbà náà ni letrozole ti di oògùn àkọ́kọ́ tí ìlànà àgbáyé ń dárúkọ. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń lò ó, ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún àwọn ọkọ: bí ẹ bá ka ìwé inú páálí rẹ̀, jẹjẹrẹ ọyàn lẹ máa bá níbẹ̀, torí ìyẹn ni wọ́n ṣe é fún ní àkọ́kọ́. Ìyàwó yín kò ní jẹjẹrẹ, dókítà kò sì fi ohunkóhun pamọ́ fún yín. Àti Clomid àti letrozole, kò sí èyí tó yẹ kí a rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ó lè mú ju ẹyin kan lọ gbó, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ.

Kí ọkọ náà sì ṣe àyẹ̀wò omi ara rẹ̀ kí ìyàwó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Owó rẹ̀ kéré sí owó oṣù kan tí obìnrin á fi lo oògùn, kì í sì í dunni. A ti rí ilé tí wọ́n fi ọdún méje tọ́jú obìnrin, tí wọ́n ti gbé ìyàwó kejì wọlé, kí wọ́n tó rántí yẹ ọkùnrin wò. Islam fún ọkùnrin láyè ìyàwó kejì bó bá lè ṣe déédéé. Kò fún un láyè láti fi ẹ̀sùn kan ìyàwó àkọ́kọ́ láìwádìí. Bí oògùn onítábúlẹ́ẹ̀tì kò bá mú oyún wá, abẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ abẹ kékeré wà fún àwọn kan, IVF náà sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà láàyè bó bá jẹ́ ẹyin ìyàwó àti omi ọkọ rẹ̀ nìkan ni, nígbà tí ìgbéyàwó wọn ṣì wà.

Ìròyìn tó yà mí lẹ́nu jù wá láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Gbogbo wa la mọ artemisinin, òun ló wà nínú oògùn ibà tí à ń rà lójoojúmọ́. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ló rí i látinú ewé, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Fudan ní Shanghai rí i pé oògùn inú ìdílé artemisinin yìí ń dí ọ̀nà tí ilé ẹyin ń gbà ṣe hòmóònù ọkùnrin. Wọ́n fi eku wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n fún obìnrin 19 tó ní PCOS fún ọ̀sẹ̀ 12. Hòmóònù ọkùnrin wọn wálẹ̀, nǹkan oṣù àwọn 12 nínú wọn sì ń dé déédéé. Ìrètí ńlá ni. Ṣùgbọ́n obìnrin 19 kéré púpọ̀, kò sí àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo láti fi wé wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí oògùn ibà ọ̀sẹ̀ 12 lè ṣe sí oyún tó bá wọlé láìmọ̀. Fún àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ, ewu mìíràn tún wà: bí a bá ń fi oògùn ibà jẹun, kòkòrò ibà á mọ̀ ọ́n lára, kò sì ní ran ọmọ wa mọ́ lọ́jọ́ tí ibà bá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra á fún nǹkan oṣù. Ẹ dúró de ìwádìí tó tóbi.

Àwọn abẹ́rẹ́ ìdínsanra tuntun bíi semaglutide náà wà. Wọ́n wọ́n gógó, ayédèrú pọ̀ nínú wọn, ẹni tó fẹ́ lóyún sì gbọ́dọ̀ dá a dúró ṣáájú. Ti àgbo àti tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: kò sí ìdọ̀tí kankan nínú ilé ọmọ tí PCOS kó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù, mo sì mọ̀ pé Èkìtì la wà. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ fi iyán sílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ dín. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kí mínírà àti mọ́ọ̀tì má ṣe di omi mímu. Ẹni tó sanra, bí ó bá dín nǹkan bí kílò márùn-ún kù nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nìkan lè mú ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ó máa rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní PCOS ló sanra. Ẹ jẹ́ ká yéé pe obìnrin ní ọ̀jẹun níwájú ènìyàn. Ìlànà 2023 náà kọ ọ́ pé irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ máa ń lé wọn sá fún ọsibítù, ìrònú àti ìbànújẹ́ ọkàn sì wọ́pọ̀ láàrin wọn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, sínú kàlẹ́ńdà tàbí fóònù. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan àgbo. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò lọ́jọ́ náà. Bí Ọlọ́hun bá sì ṣe é tí oyún dúró, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ pé ẹ ní PCOS, nítorí ṣúgà oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tètè bá wọn. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wò níbẹ̀rẹ̀ oyún, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, bí ara aláboyún tilẹ̀ le bí òkúta.